Ọrùn mi ti gan: ṣé fọ́ònù ló fà á lóòótọ́, àbí wọ́n kàn ń dẹ́rù bà mí?

AláńkaráÒde (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Aṣọ ni mò ń tà níbí. Iléyá ti sún mọ́lé, ọjọ́ kẹta rẹ̀ sì ni Ojúde Ọba, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí fún aláṣọ. Gbogbo régbérégbé ló ń wá aṣọ ẹgbẹ́. Tẹ́lẹ̀, wọ́n á wá sí ṣọ́ọ̀bù, a ó jọ yẹ aṣọ wò, ó parí. Báyìí, orí WhatsApp ni gbogbo ẹ̀. Ìyá kan á ní kí n gbé léèsì sínú oòrùn kí n tó yà á, kí òun lè rí àwọ̀ rẹ̀ dáadáa. Akápò ẹgbẹ́ á ní kí n ka orúkọ àwọn tó ti sanwó. Ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù á máa pè mí lóru. Láti ìdájí títí oorun á fi gbé mi lọ, fọ́ònù ni.

Ọrùn mi wá gan pátápátá. Bí ẹnikẹ́ni bá pè mí láti ẹ̀yìn, gbogbo ara ni mo fi ń yí. Apá ọ̀tún ló ń dùn mí jù, láti abẹ́ ìpàkọ́ wá sí orí èjìká. Mo ń fi Aboniki pa á, á rọ̀ díẹ̀, tílẹ̀ bá tún fi máa mọ́, ó ti padà dé.

Màmá mi ní fọ́ònù ni, kí n gbé e jù sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, tí mo bá gbé e jù sílẹ̀, kí la máa jẹ? Èyí tó wá pa mí láyà ni fóìsì kan tí wọ́n fi sí ẹgbẹ́ wa. Ọkùnrin kan ń sọ níbẹ̀ pé ẹni tó bá tẹrí wo fọ́ònù ti gbé kílò 27 ka ọrùn, pé ọ̀pá ẹ̀yìn á tẹ̀, àti pé ní Ọsirélíà, ìwo ti ń hù ní ìpàkọ́ àwọn ọ̀dọ́. Mo fọwọ́ kan ìpàkọ́ mi, mo bá egungun kan tó yọ síta níbẹ̀! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀, ẹ sọ òótọ́ fún mi o.

ÌyáÌbejìIgbó (Ìjẹ̀bú-Igbó)

Hàà, àǹtí mi, ẹ pẹ̀lẹ́. Kí n tó ka ọ̀rọ̀ yín tán, ọwọ́ mi ti dé ìpàkọ́. Ó wà níbẹ̀! Mo pe bàbá ìbejì, mo fọwọ́ kan tiẹ̀, tiẹ̀ tún tóbi ju tèmi lọ, bẹ́ẹ̀ fọ́ònù kékeré oníbọ́tìnnì ló ń lò. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ìwo dẹ́rù bà yín jàre.

Ṣùgbọ́n ti ọrùn yẹn kan èmi náà, nítorí àwọn ọmọ. Mo máa béèrè tí àwọn tó mọ̀ ọ́n bá dé.

Télọ̀Ìpẹru (Ìpẹru-Rẹ́mọ)

Ìyáàfin, ẹ kú iṣẹ́. Kí ẹ tó dá fọ́ònù lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwa télọ̀. Nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́ ní Ṣàgámù, kò sí fọ́ònù lọ́wọ́ ẹnì kankan nínú wa, síbẹ̀ ọ̀gá mi ò lè gbójú sókè wo àjà. Láti àárọ̀ ni ojú rẹ̀ á ti wà lára abẹ́rẹ́, àgbọ̀n rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àyà. Tó bá di alẹ́, ìyàwó rẹ̀ á ki aṣọ bọ omi gbígbóná, á fi jó o lọ́rùn, ọ̀gá á máa pariwo.

Àwọn tó ń dirun ń tẹrí. Àwọn tó ń hun aṣọ òkè ń tẹrí. Ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà ń tẹrí. Kí ló dé tó fi jẹ́ fọ́ònù nìkan la mú ní ọ̀daràn?

ỌmọÀgọ́ (Àgọ́-Ìwòyè)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrora. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ inú fóìsì yẹn ti ṣẹ̀, torí a ti jiyàn lórí ẹ̀ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì títí ilẹ̀ fi mọ́.

Kílò 27 yẹn kì í ṣe irọ́. Dókítà kan tó ń ṣiṣẹ́ abẹ ọ̀pá ẹ̀yìn ní New York, Kenneth Hansraj, ló ṣírò rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2014. Ó ní bí orí àgbàlagbà bá dúró ṣánṣán, nǹkan bíi kílò 5 ni ọrùn ń gbé. Bí orí bá tẹ̀ síwájú ní digírì 15, ó di kílò 12. Ní digírì 30, kílò 18. Ní 45, kílò 22. Ní 60, kílò 27. Kọ̀ǹpútà ló fi ṣe é o. Ìwọ̀n ẹrù ló ṣírò, kò lọ yẹ àwọn tó ń lo fọ́ònù wò láti mọ ẹni tí ọrùn ń dùn.

Ti ìwo: àwọn olùwádìí méjì ní Yunifásítì Sunshine Coast ní Ọsirélíà gbé iṣẹ́ kan jáde ní 2018. Wọ́n wo X-ray àwọn èèyàn, wọ́n ní egungun ìpàkọ́ àwọn ọ̀dọ́ yọ ju bí àwọn ṣe rò lọ, wọ́n wá méfò pé ó lè jẹ́ torí pé wọ́n ń tẹrí wo ẹ̀rọ. Wọn ò wọn wákàtí tí ẹnikẹ́ni fi ń tẹ fọ́ònù. Ọdún 2019 ni àwọn oníròyìn gbọ́ sí i, bó ṣe di "ìwo" nìyẹn. Ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì tó kọ́kọ́ gbé e jáde padà tẹ àtúnṣe lé e lórí.

Ó kù kan. Ní Rio de Janeiro, ní Brazil, wọ́n yẹ ọ̀dọ́ 150 wò, ẹni ọdún 18 sí 21. Wọ́n wo bí kálukú ṣe ń tẹrí tó bá ń kọ nǹkan lórí fọ́ònù, wọ́n sì bi wọ́n bóyá ọrùn ń dùn wọ́n. Àbájáde rẹ̀ dé ní 2018: ọrùn àwọn tó ń tẹrí gan-an ò dùn wọ́n ju ti àwọn tí kò tẹrí lọ. Torí náà, ẹ̀gbọ́n, ẹ máa tẹ fọ́ònù yín lọ!

ÀgbàÌṣarà (Ìṣarà-Rẹ́mọ)

Ọmọ Àgọ́, o kú ìwé kíkà. Àmọ́ ìwé ò lè sọ pé ohun tí mo fojú ara mi rí kì í ṣe òótọ́. Ìyá tó bí mi ru ẹ̀gẹ́ láti oko wálé, ó tún ru gàrí lọ sọ́jà, ọrùn rẹ̀ ṣe ṣánṣán títí ó fi darúgbó. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò ru nǹkan kan, ẹ wá ń ké pé ọrùn ń dùn yín.

Mo wọ ọkọ̀ láti Ìṣarà lọ sí Ṣàgámù, mo wọlé, mo ní "ẹ kú ìjókòó o." Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Gbogbo wọn tẹrí kodo, dírẹ́bà nìkan ló gbójú sókè, òun náà gbé fọ́ònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárì. Ẹ ò wá ní kí ọrùn dùn yín?

FísíòRẹ́mọ (Ìlíṣàn-Rẹ́mọ)

Ẹ kú àárọ̀, ẹ̀yin àgbà, ẹ kú àárọ̀, ẹ̀yin ọmọdé. Iṣẹ́ físíò ni mò ń ṣe, ìyẹn fífi eré ìdárayá àti ọwọ́ tọ́jú iṣan àti eegun tó ń dùn, lẹ́yìn àwọn tí ìbàdí ń ro, àwọn ọlọ́rùn gígan ló ń wá bá mi jù.

Bàbá, mo kúnlẹ̀ kí yín. Ohun tẹ́ ẹ sọ nípa ìyá wa rí bẹ́ẹ̀. Ẹrù tó bá jókòó sí àárín orí, tí ọrùn dúró gbọnrangandan lábẹ́ rẹ̀, egungun ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ìwádìí kan wà láti Kẹ́ńyà tó jáde ní 1986, lórí àwọn obìnrin Luo àti Kikuyu. Wọ́n lè ru ẹrù tó tó ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ara wọn láìlo agbára ju ti ẹni tó ń rìn lọ́wọ́ òfìfo. Àmọ́ Bàbá, ẹrù náà ń gba owó rẹ̀ tó bá yá. Nígbà tí àwọn dókítà ní Gánà yẹ ọrùn àwọn tó ń fi orí ru ẹrù wò, wọ́n rí i pé egungun ọrùn gbó láàárín wọn ju ti àwọn tí kì í rù lọ. Àwọn ìyá wa ò kàn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé kílò 27 yẹn. Ẹ gbé korobá omi mọ́ àyà, ẹ ó lè dúró pẹ́. Ẹ wá na apá síwájú tán, kí ẹ fi gbé korobá kan náà, ẹ wo bí apá á ṣe máa gbọ̀n. Omi ò pọ̀ sí i, jíjìnnà tó jìnnà sí ara ló sọ ọ́ di wàhálà. Bẹ́ẹ̀ ni orí ṣe rí. Egungun 7 ló tò lé ara wọn nínú ọrùn, tìmùtìmù wà láàárín wọn, iṣan ẹ̀yìn ọrùn ló sì ń di orí mú kó má dojú bolẹ̀. Bí orí bá ṣe ń lọ síwájú, bẹ́ẹ̀ ni iṣan á ṣe máa fà sí i. Kò ní já, kò ní tẹ̀, iṣẹ́ tí Ọlọ́run dá a fún ni. Ohun tí kò fẹ́ ni kí a gbé e sójú kan fún wákàtí méjì gbáko láìyí. Ẹ̀jẹ̀ ò ní ráyè ṣàn síbẹ̀ dáadáa, á rẹ̀ ẹ́, á le, á sì máa dùn.

Télọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ tán. Fọ́ònù kì í ṣe ọ̀daràn ju abẹ́rẹ́ lọ. Èyí tí fọ́ònù fi burú ni pé ẹ̀rọ ìránṣọ kì í bá èèyàn wọ orí bẹ́ẹ̀dì.

Àbúrò mi ỌmọÀgọ́, òótọ́ lo sọ, àmọ́ o ti sáré jù níbi tó o ti ní kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Ọmọ ọdún 18 sí 21 ni àwọn ará Rio yẹn, ìgbà kan ṣoṣo ni wọ́n sì wò wọ́n. Obìnrin tó jókòó sójú kan láti ìdájí, tí kì í sùn tó, tí owó ẹgbẹ́ wà lọ́rùn rẹ̀, kì í ṣe irú ẹni tí wọ́n yẹ̀ wò. Àìsùn àti àníyàn wà lára ohun tó ń mú ọrùn le, ìwọ̀nyẹn gan-an làwọn èèyàn kì í sọ fún wa tí wọ́n bá wá. Àǹtí, kì í sì í ṣe ẹ̀yin nìkan: ní 2020, iye tí wọ́n ṣírò káàkiri ayé pé ọrùn ń dùn tó mílíọ̀nù 203, obìnrin ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Egungun ìpàkọ́ yẹn, gbogbo èèyàn ló ní in. Ibẹ̀ ni iṣan ọrùn ti so kọ́. Ti ọkùnrin sábà máa ń tóbi ju ti obìnrin lọ, ìdí nìyẹn tí ti bàbá ìbejì fi yọ.

Wàyí o, ẹ dá mi lóhùn. Ṣé ọwọ́ yín máa ń kú, àbí ó ń ṣe yín wínniwínni? Ṣé nǹkan ń já bọ́ lọ́wọ́ yín? Ṣé ẹsẹ̀ yín dúró nílẹ̀ dáadáa? Ṣé ẹ ṣubú láìpẹ́, tàbí ibà ń ṣe yín? Ìtọ̀ ńkọ́? Èyí tó gbẹ̀yìn: tí ẹ bá ń wọn aṣọ lọ́wọ́ tí ìpè wọlé, báwo lẹ ṣe ń gbé fọ́ònù?

AláńkaráÒde

Ẹ ṣé gan-an, àǹtí Físíò. Ọwọ́ ò kú, ẹsẹ̀ le, kò síbà, mi ò ṣubú, ìtọ̀ ń lọ geerege. Ti ìpè, mo máa ń há a sáàárín etí àti èjìká ni. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi ń na aṣọ mọ́ ọ̀pá yáàdì, mi ò lè dá a dúró torí ìpè. Oníbàárà míì á sọ̀rọ̀ títí n ó fi wọn yáàdì mẹ́wàá tán.

Ọ̀tún ni mo máa ń há a sí o.

FísíòRẹ́mọ

Ẹ ṣeun. Ọ̀tún ló ń dùn yín, ọ̀tún lẹ ń há fọ́ònù sí. Iṣan kan wà tó so ọrùn mọ́ eegun èjìká. Bí ẹ bá gbé èjìká sókè tí ẹ tún tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti fi di fọ́ònù mú, ẹ ti sọ iṣan yẹn di kókó nìyẹn. Ìyẹn lẹ máa kọ́kọ́ jáwọ́ nínú ẹ̀. Ẹ ra íápíìsì, tàbí kí ẹ gbé fọ́ònù sórí káńtà kí ẹ tan ohùn rẹ̀ síta. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti àṣírí, ẹ ní kí wọ́n pè padà.

Tí ẹ bá jókòó tí ẹ ń fèsì, ẹ to ìdì aṣọ méjì tàbí mẹ́ta sórí itan, kí ìgbọ̀nwọ́ yín lè sinmi lé e, fọ́ònù á gòkè wá sí iwájú àyà. Ẹ má gbé e dé ojú gangan bí àwọn kan ṣe máa ń sọ, èjìká ló máa gba ìyà yẹn. Bí kọ̀ǹpútà bá wà ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ ṣí WhatsApp síbẹ̀, kí ẹ gbé e lé páálí tó ga. Ohun tó gùn, ẹ fi ẹnu sọ ọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Kò sì sí bí ìjókòó ṣe dára tó, ẹ má pẹ́ lórí rẹ̀ ju bí ìdajì wákàtí lọ kí ẹ tó dìde. Ẹ ṣáà dìde. Ẹ lọ ká aṣọ, ẹ yí èjìká, ẹ wo òkè, ẹ wo ọ̀tún, ẹ wo òsì.

Lórí bẹ́ẹ̀dì, kí ìrọ̀rí má ga débi tí àgbọ̀n yóò fi kan àyà. Oníbàárà Lọ́ńdọ̀nù yẹn, ẹ sọ àsìkò tí ẹ máa ń tì fún un.

Ẹ tún fún iṣan lágbára. Ní Denmark, wọ́n mú òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì 198 tí ọrùn àti èjìká ń dùn, wọ́n ní kí àwọn kan máa fi rọ́bà ṣe eré ìdárayá fún ìṣẹ́jú 2 lójúmọ́, àwọn míì ìṣẹ́jú 12, ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 10. Ìrora dínkù fún apá méjèèjì ju ti àwọn tí kò ṣe é lọ. Ọdún 2011 ni àbájáde rẹ̀ jáde. Ẹ ò nílò ra nǹkan kan: ẹ lọ bá fọ́kanáísà, ẹ gba tíúbù ọ̀kadà tó ti gbó, ẹ gé e kó gùn tó kí etí rẹ̀ méjèèjì lè dé ọwọ́ yín tí ẹ bá tẹ àárín rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kó má rùn. Ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ àárín rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ di etí méjèèjì mú, ẹ wá gbé apá méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ títí wọ́n á fi dọ́gba pẹ̀lú èjìká. Ẹ sọ̀ wọ́n kalẹ̀ pẹ̀lẹ́, ẹ tún gbé wọn. Tó bá ti rẹ apá, ó tó.

Aboniki ò burú. Paracetamol náà ò burú tí ẹ bá lò ó bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára páálí. Oògùn àpòpọ̀ tí wọ́n máa ń dì sínú ọ̀rá fúnni nílé kẹ́mísìtì ni kí ẹ sá fún. Èyí tó máa ń yanilẹ́nu níbẹ̀, tó ń mú ara yá lójijì, sábà máa ń jẹ́ oògùn tó ń ti ṣúgà àti ìfúnpá sókè, tó sì ń dá egbò sí ikùn.

Ọ̀pọ̀ ọrùn gígan báyìí máa ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

AláńkaráÒde

Ọlọ́run á bù kún yín. Ṣé kí n lọ ya X-ray ná, kí ọkàn mi lè balẹ̀?

FísíòRẹ́mọ

Ó lè jẹ́ pé ṣe ló máa gbé ọkàn yín sókè. Ní Japan, wọ́n fi MRI, ẹ̀rọ ńlá tó ń ya àwòrán inú ara, wo ọrùn èèyàn 1,211 tí nǹkan kan ò dùn rárá, tìmùtìmù ọrùn ti wú síta lára ohun tó ju ìdá 87 nínú ọgọ́rùn-ún wọn lọ. Ọdún 2015 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Bí ẹ bá yà á lónìí, wọ́n á kọ "egungun ti gbó" síbẹ̀, ẹ ò ní sùn lóru. Ẹ fi owó yẹn ra íápíìsì.

Onígbàjámọ̀Òdè (Òdè-Rẹ́mọ)

Gbogbo ìwé tí ẹ ń kà yìí, ẹ̀yin ará! Ẹ wá jókòó sórí àga mi. Tí mo bá fá orí tán, mo máa ń fi ọwọ́ kan di àgbọ̀n mú, ọwọ́ kejì á wà ní ìpàkọ́, mo máa yí i lẹ́ẹ̀kan. Kà! Ẹ ó gbọ́ bó ṣe dún. Àwọn oníbàárà mi ní ara ń fúyẹ́ lẹ́yìn ẹ̀, àwọn míì tìtorí ẹ̀ ń wá ju irun lọ.

FísíòRẹ́mọ

Ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ fi ọrùn sílẹ̀. Mi ò ní kì í fúyẹ́. Àmọ́ òpó ẹ̀jẹ̀ méjì ń gba inú ihò tó wà lára egungun ọrùn kọjá lọ sí ọpọlọ. Bí èèyàn bá yí ọrùn lójijì pẹ̀lú agbára, inú òpó yẹn lè ya, ẹ̀jẹ̀ á dì níbẹ̀, ẹni náà á rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀. Kì í ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, ó ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ ò lè fojú mọ ẹni tó máa ṣẹlẹ̀ sí. Ẹ máa fọwọ́ ra èjìká fún wọn, ẹ ra ìpàkọ́, ìyẹn dára, kò sẹ́ni tó máa bá yín wí.

Onígbàjámọ̀Òdè

Láti kékeré ni ọ̀gá mi ti ń ṣe é fún gbogbo èèyàn, kò sẹ́ni tó kú. Ṣùgbọ́n mo gbọ́. N ó máa bi wọ́n kí n tó yí i.

FísíòRẹ́mọ

Ẹ má bi wọ́n, ọ̀gá mi. Ẹ má yí i ni.

OníPOSṢàgámù (Ṣàgámù)

Ẹ káàsán o. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín, mi ò fẹ́ dá sí i. Àwọn ìbéèrè tí àǹtí Físíò bi aláṣọ, tèmi ò rí bíi tiẹ̀. Ọrùn mi ò dùn jù. Ọwọ́ ni. Bí mo bá ń ka owó fún oníbàárà, owó máa ń já bọ́, mi ò sì ní mọ̀. Ó máa ń gbà mí lákòókò kí n tó de bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì. Ẹsẹ̀ mi náà ti wúwo, tí mo bá ń rìn nínú òkùnkùn, màá fẹ́ di ògiri mú. Ìyá mi ní wọ́n fi nǹkan sọ mí ni, nítorí ibi tí mo ń ta POS sí. Ẹnì kan nílé kẹ́mísìtì ní títẹ fọ́ònù àti ẹ̀rọ POS ló fà á, ó fún mi ní abẹ́rẹ́. Kò yí padà.

FísíòRẹ́mọ

Àbúrò mi, ẹ dúró, ẹ fetí sílẹ̀. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tíúbù tàbí Aboniki. Nígbà tí ọwọ́ ò bá lè ṣe iṣẹ́ kékeré mọ́, bíi ká de bọ́tìnnì, tí ẹsẹ̀ náà sì ń ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́, ó lè jẹ́ pé nǹkan ń tẹ okùn ọ̀pá ẹ̀yìn mọ́lẹ̀ nínú ọrùn. Kì í fi dandan dùn, ìdí nìyẹn táwọn èèyàn fi máa ń pẹ́ kí wọ́n tó wá. Bí ó bá pẹ́ jù, ohun tó ti lọ lè má padà mọ́.

Ṣàgámù lẹ wà. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti OOU (Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbáńjọ) níbẹ̀ yẹn, lọ́la, ẹ má dúró de ìparí oṣù. Ẹ sọ gbogbo ohun tí ẹ sọ fún wa yìí fún dókítà bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: owó tó ń já bọ́, bọ́tìnnì, òkùnkùn. Ẹ má sọ "ọrùn ló ń dùn mí" nìkan, wọ́n lè fi oògùn ìrora lé yín padà sílé. Tí ìtọ̀ bá kọ̀ tí kò wá, tàbí tó ń bọ́ fúnra rẹ̀, ẹ lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì lọ́jọ́ yẹn gan-an, kódà kó jẹ́ òru. Ẹ jọ̀ọ́, onígbàjámọ̀ kankan ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọrùn yín.

ÀgbàÌṣarà

Ọmọ mi, lọ. Kí ìyá rẹ máa gbàdúrà nílé, kí ìwọ wà lọ́dọ̀ dókítà. Méjèèjì ò takora.

ÌyáÌbejìIgbó

Ọlọ́run á wò yín sàn o, bùrọ̀dá POS. Àǹtí Físíò, ìbéèrè tèmi kéré sí tiwọn. Àwọn ìbejì mi, tí wọ́n bá ti dé láti ilé ìwé, wọ́n á dojú bolẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú tábúlẹ́ẹ̀tì, wọn ò ní dìde títí iná á fi lọ. Ṣé ọ̀pá ẹ̀yìn wọn ò ní wọ́?

FísíòRẹ́mọ

Kò ní wọ́, ìyá ìbejì. Ẹ má sọ fún wọn pé ọrùn wọn máa ṣẹ́, ọmọ tó bá ń bẹ̀rù ara rẹ̀ kì í fẹ́ sáré mọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yí bí wọ́n ṣe ń dùbúlẹ̀ padà, ẹ máa rán wọn níṣẹ́ láàárín, ẹ lé wọn síta kí wọ́n lọ gbá bọ́ọ̀lù kí ilẹ̀ tó ṣú. Tí ẹ bá rí i pé èjìká ọ̀kan ga ju èkejì lọ, tàbí ẹ̀yìn yọ sí apá kan tó bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ mú un wá. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ fọ́ònù, ṣùgbọ́n ó yẹ ká tètè wò ó.

Télọ̀Ìpẹru

Mo ti gba tíúbù lọ́wọ́ fọ́kanáísà o. Ó bi mí pé ọ̀kadà wo ni mo rà. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mejì níwájú àwọn ọmọ iṣẹ́, wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Àmọ́ mo fẹ́ fi tèmi kún un fún àwa tó ń ránṣọ: ẹ gbé igi sábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì ẹ̀rọ. Èmi fi pákó tó nípọn sí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, abẹ́rẹ́ sún mọ́ ojú, mi ò tẹrí tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Àga náà ni kí ẹ wò. Àga oníbẹ́ǹṣì tí kò lẹ́yìn yẹn ti pa télọ̀ púpọ̀.

FísíòRẹ́mọ

Ọ̀gá télọ̀, ẹ kú ọgbọ́n. Ẹ kàn rí i pé ẹsẹ̀ yín ṣì tó pẹ́dà.

AláńkaráÒde

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ní kí n wá jábọ̀. Mo ti ra íápíìsì. Àwọn oníbàárà ń bú mi pé fóìsì mi ti pọ̀ jù, pé kí n máa kọ ọ́ sílẹ̀, mo ní ọrùn tèmi ṣe pàtàkì ju kíkọ lọ. Ọmọ tó ń bá mi tajà ló ń ka orúkọ àwọn tó sanwó báyìí. Mo ti ń lè wo ẹ̀yìn láìyí gbogbo ara, àmọ́ ó ṣì máa ń gan tí iṣẹ́ bá pọ̀, pàápàá lálẹ́ ọjọ́ tí a bá já ẹrù. Màmá mi ṣì ní fọ́ònù ni. Ará Lọ́ńdọ̀nù ṣì ń pè lóru, mi ò gbé e mọ́.

OníPOSṢàgámù

Mo ti lọ o. Mo bá èrò níbẹ̀ láti àárọ̀ kùtù, ṣùgbọ́n wọ́n rí mi. Dókítà fi òòlù kékeré lu orúnkún mi, ẹsẹ̀ fò sókè ju bí mo ṣe rò lọ. Ó ní kí n rìn lórí ìlà kan, kí n máa fi gìgísẹ̀ kan orí ọmọ ìka ẹsẹ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú, ó dì mí mú. Ó ní kí n ya MRI ọrùn, ó sì kọ lẹ́tà sí dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ. Owó MRI yẹn pọ̀, àwa ọmọ ìyá ti ń dá a jọ. Ó bínú sí abẹ́rẹ́ tí mo gbà nílé kẹ́mísìtì. Ó ní fọ́ònù kọ́ ló fà á.

FísíòRẹ́mọ

Ẹ ṣeun tí ẹ lọ. Tí ẹ bá ti ya MRI, ẹ gba àwòrán náà lọ́wọ́ wọn pẹ̀lú ìwé rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ó wà lọ́dọ̀ wọn, torí dókítà iṣẹ́ abẹ á fẹ́ fojú ara rẹ̀ wò ó. Kí ó tó di ọjọ́ yẹn, ẹ má gun ọ̀kadà, ẹ má gbé nǹkan tó wúwo, ẹ jẹ́ kí iná wà níbi tí ẹ ń gbà lọ sí ilé ìwẹ̀ lóru. Bí ẹsẹ̀ bá tún wúwo ju bó ṣe wà yìí lọ kí ọjọ́ tó pé, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín, ẹ padà lọ.